Àrà Kì Í Ṣe Òfò: Ìrántí Ilẹ̀ Kétu

Ìgbà kan wà ní ilẹ̀ Kétu tí ohun tó gba ọgbọ́n ọwọ́ jù lọ láàárín ìlú kì í ṣe irinṣẹ́ oko, tí kì í sì í ṣe ohun ìjà. Ère orí tí àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbé karí ni. Díẹ̀ ló kù nínú àwọn tí ìgbà náà ṣojú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kò kéré: ère wà ní mùsíọ̀mù káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìwé wà, ìtàn sì wà lẹ́nu àwọn ìyá àti bàbá wa. Mo ń rántí ìgbà náà nítorí ẹjọ́ kan tí àwọn òbí òde òní máa ń tètè dá. Bí ọ̀dọ́ kan bá tọ́jú owó títí, tó ra káàdì àwòrán tó lágbára jù, tó ra fáànù àti iná aláràbarà, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ di kọ̀ǹpútà géèmù, òfò ni wọn yóò pè é. Èrò tèmi ni pé ẹjọ́ náà kò tọ́, Kétu àtijọ́ sì ni ẹlẹ́rìí mi. Ibi tí ènìyàn ti ń ṣeré ni ọgbọ́n ọwọ́ ti ń ga jù, nítorí pé iṣẹ́ òòjọ́ mọ ibi tó tó, eré kò mọ̀ ọ́n. Ìlú tó bá ka gbogbo owó tó bá eré lọ sí òfò yóò jí lọ́jọ́ kan rí i pé ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kò kọjá ohun tí bàbá wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dun ìlú jù. Ní 1886, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu. Odi ìlú náà nípọn, ẹnubodè Àkàbà Ìdènà sì lókìkí, ṣùgbọ́n ebi àti ẹ̀tàn ṣe ohun tí ọ̀kọ̀ àti ìbọn kò lè ṣe. Wọ́n sun ìlú, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ní 1889, nígbà tí Kétu ṣì wà ní ahoro, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn, Mẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Alákétu, ọba Kétu, fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, ní ibi tó di Benin lónìí. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhọ̀mì, ni àwọn tó kù ráyè padà sílé, tí Alákétu tuntun sì gorí ìtẹ́ ní 1894. Ìlú tó padà yìí kò ní ọrọ̀. Ilé ni wọ́n ń tún kọ́, oko ni wọ́n ń tún ṣán, owó orí ìjọba Faransé sì tún ń bẹ lọ́rùn wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu tó ń ya ayé lẹ́nu lónìí ni a gbẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé ìparun yẹn. Àwọn ènìyàn wa kò dúró di ìgbà tí wọ́n bá lówó kí wọ́n tó dárà. Àrà jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi mọ̀ pé àwọn tún ti di ìlú.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń bá pàdé lórí àtẹ lọ́jà. Ẹni tàbí ìdílé tó fẹ́ jó ni yóò tọ agbẹ́gilére lọ, tí yóò sọ ohun tó fẹ́ kí ó wà lórí rẹ̀, tí wọn yóò sì jọ dúnàá-dúrà. Ìsàlẹ̀ ère jẹ́ ojú ènìyàn, ojú tútù tó ní ilà lẹ́rẹ̀kẹ́. Òkè rẹ̀ ni àrà wà: ejò tó lọ́ mọ́ ẹyẹ, akíkà tó ń jẹun, ọlọ́jà pẹ̀lú igbá ẹrù, ọdẹ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Gbogbo èyí ni oníjó yóò gbé karí, tí yóò fi ẹsẹ̀ tó wọ ṣaworo irin já ilẹ̀ bí ìlù bá ṣe sọ. Nítorí náà ìwúwo di ìṣòro àkọ́kọ́. Agbẹ́gilére ní láti yan igi tó fúyẹ́, kó gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ láìjẹ́ kó là, kó sì pín ẹrù òkè náà kí ó má tẹ̀ sí apá kan, torí ọrùn oníjó ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Ohun tí kò bá ṣeé gbẹ́ mọ́ igi kan ṣoṣo, yóò gbẹ́ ẹ lọ́tọ̀, yóò fi èèkàn pẹlẹbẹ kàn án mọ́ ọn. Ní Kétu àti àwọn ìlú tó yí i ká, wọ́n tún lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n fi okùn sínú ère, oníjó a fà á lábẹ́ aṣọ, ejò a la ẹnu, ẹyẹ a sọ nǹkan jẹ. Méjì-méjì ni ère sábà máa ń jáde, tí ọ̀kan gbọ́dọ̀ jọ èkejì, èyí tó túmọ̀ sí pé gbẹ́nàgbẹ́nà kò lè fi orí dá a lásán. Ó ní láti mọ ìwọ̀n, kó sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Orúkọ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí kò sọnù tán. A mọ Fágbìtẹ́ Àsàmú ti Ìdáhìn ní ilẹ̀ Kétu àti ọmọ rẹ̀ Fálọlá Ẹdun, tí ère wọn tó díjú lókè di ohun tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí. A mọ Dúgà ti Mẹ̀kọ, ẹni tí ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà William Bascom bá pàdé ní 1950, tó sì kọ àpilẹ̀kọ kan lé lórí, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1973. Àlùfáà Thomas Moulero, ọmọ Kétu tó jẹ́ ọmọ Dàhọ̀mì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè àlùfáà Kátólíìkì ní 1928, náà lo ọgbọ́n ìwé rẹ̀ láti kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí àlùfáà ìjọ bá lè rí i pé ohun náà tó kọ sílẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ohun àwàdà.

Ìdí tí ọgbọ́n yìí fi wọ inú ère, tí kò wọ inú ọkọ́, ṣe kedere. Ọkọ́ ní òpin rẹ̀. Bí ó bá ti ro ilẹ̀, tí igi rẹ̀ kò sì ṣẹ́, inú àgbẹ̀ dùn, alágbẹ̀dẹ gba owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ìran kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀. Ohun tí àdúgbò yìí gbé jáde lọ́dún yìí ni àdúgbò kejì yóò fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, ẹrù tó wúwo sì ni ọ̀rọ̀ yẹn gbé lé agbẹ́gilére lórí, torí ọdọọdún ni wọ́n ń retí kí ó tún òpin náà sún síwájú. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú dé ilẹ̀ wa, gbogbo wọn ló gun orí ère. Agbẹ́gilére kò lè gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ láìwo bí àgbá rẹ̀ ṣe ń yí àti bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Lójú agbo eré ni Kétu ti kọ́kọ́ ronú sí ẹ̀rọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ kò tíì ní owó láti ra ọ̀kan.

Ìgbà kejì tó yẹ ká rántí kò jìnnà. Ní January 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì sí ti Faransé, ọjà òkè òkun sì gbówó lórí láàárín òru kan. Ní December 1995, ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé wáyé ní Kútọnu, ní àkókò náà sì ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ Benin. Ní 1998, omi adágún Akosombo ní Gánà fà, iná tí a ń rà láti ibẹ̀ sì di ọ̀wọ́n. Láàárín wàhálà wọ̀nyí ni kọ̀ǹpútà fi ń wọlé, ọ̀pọ̀ jẹ́ àlòkù láti Yúróòpù, òmíràn sì jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń tò pọ̀ fúnra wọn ní Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà, ní ìlú Èkó, tí wọ́n ń tà ní owó tó rẹlẹ̀ sí ti ilé iṣẹ́ olórúkọ. Ní ọ́fíìsì, ẹ̀rọ yìí ń tẹ lẹ́tà. Bí ó bá ti lè tẹ lẹ́tà, kò sí ẹni tó nílò láti ṣí ìdí rẹ̀ wò, ó ti tó. Ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù ni ẹ̀rọ kì í tó fún. Láti 1996 tí káàdì Voodoo ti ilé iṣẹ́ 3dfx ti jáde, géèmù tuntun kọ̀ọ̀kan ń béèrè ohun tí ẹ̀rọ àná kò ní. Ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mẹ́mórì ń ṣe, kó mọ̀ bóyá páwà tó wà nínú àpótí lè gbé káàdì náà, kó mọ ọ̀nà tí ooru yóò gbà jáde. Èmi kò rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wá sí ìmọ̀ iná àti ooru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án.

Ẹ̀rí tó tóbi jù wá láti òde ayé. Káàdì tí wọ́n ṣe fún géèmù, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó yára ya àwòrán lọ, ní agbára láti ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣirò kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2010, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà to ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3 tó tó 1,760 pọ̀ di ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan. Ní 2012, Alex Krizhevsky, Ilya Sutskever àti Geoffrey Hinton ní Yunifásítì Toronto fi káàdì géèmù méjì péré, GTX 580, kọ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń dá àwòrán mọ̀, ẹ̀rọ wọn sì borí gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìdíje ImageNet. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ onílàákàyè tí gbogbo ayé ń sọ lónìí ti gbéra. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìyẹn ni àwọn ọmọ géèmù ti ń ra káàdì lọ́dọọdún, tí wọ́n ń bínú pé kò yára tó, tí owó wọn sì ń sọ ọ́ di alágbára. Kò sí ìjọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é, kò sì sí ilé ìwòsàn tàbí báńkì tó mọ̀ pé òun yóò nílò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìfowóṣòfò ló kọ́ irinṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ já mi ní koro yóò mú owó wá síwájú, ó sì ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí káàdì RTX 4090 jáde ní October 2022, 1,599 dọ́là ni iye rẹ̀, ó ju mílíọ̀nù kan CFA lọ nígbà náà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Benin gbà láti 2023 jẹ́ 52,000 CFA. Káàdì kan ṣoṣo, láìtíì ra àpótí tí yóò gbé e, gba ohun tó lé ní owó oṣù 20 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè mu iná tó tó wáàtì 450. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi owó oúnjẹ tàbí owó ilé ìwé rà á. Ṣùgbọ́n ìdílé kan náà tó kọ̀ káàdì lè jẹ gbèsè fún ìnáwó òkú: aṣọ ẹbí, màlúù, ọtí, àga àti àgọ́, tó bá di ọjọ́ Ajé gbogbo rẹ̀ ti tán. Bí a bá fẹ́ gbé owó lé òṣùwọ̀n, kí a gbé e lé e dọ́gba. Kí a béèrè ohun tó kù lọ́wọ́ ènìyàn lẹ́yìn ìnáwó kọ̀ọ̀kan. Ní ti iná, ilẹ̀ wa kò sí níbi tó wà ní 1998 mọ́: láti 2022 ni ibùdó iná oòrùn Ilulofin, tó ní mẹ́gáwáàtì 25, ti ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Pọ́bẹ̀, ní ẹkùn Plateau tí Kétu wà gan-an.

Àrà kò sì sí nínú iye owó nìkan. Ní 2011, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í to kọ̀ǹpútà sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 20, wọ́n ń fi ẹ̀yà ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ti jù nù ṣe é, wọ́n sì pè é ní Jerry. Àṣà náà dé Àbíjàn, ó dé Lómẹ̀, ó dé ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ BloLab ní Kútọnu. Ní Lómẹ̀ ní 2013, Afate Gnikou ti ibùdó WoeLab fi àkúfọ́ kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ohun oníke jáde. Ẹ jẹ́ ká ronú sí kẹ́ẹ̀gì yẹn fúnra rẹ̀. Òun ni àwọn ọlọ́kadà ń so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù láti ẹnu ibodè Nàìjíríà, tó kún fún epo tí a ń pè ní kpayo. Òun kan náà ni Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962, gé tó sì sọ di ère ojú tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí kò níye lórí di ère lọ́wọ́ ẹnì kan, ó di kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá lè fi ẹ̀yà àkúfọ́ mú ẹ̀rọ ṣe ju bí wọ́n ṣe rò pé ó lè ṣe lọ ti dárà bí ẹni tó ra káàdì olówó ńlá, bóyá jù ú lọ pàápàá.

Ẹlòmíràn yóò ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe eré lásán, ẹ̀sìn ni, kí n má fi wé géèmù. Òótọ́ ni pé àwọn ìyá wa ni wọ́n ń fi ijó náà tù lójú, pé Ìyáláṣẹ̀ ni olórí ibẹ̀, pé nígbà ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn wọ́n máa ń gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyẹn sọ. Nígbà tí àwọn baba wa ń wá ohun tí yóò mú ọkàn alágbára rọ̀, ẹwà àti ẹ̀rín ni wọ́n yàn. Lóru Ẹ̀fẹ̀, tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, orin yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń bá ọlọ́rọ̀ àti ìjòyè wí, àwọn tí a bá wí náà sì ń rẹ́rìn-ín. Kétu kò rí eré bí ohun tó kù lẹ́yìn tí iṣẹ́ pàtàkì bá parí. Eré ni ọ̀nà tó gbà ṣe èyí tó ṣe pàtàkì jù. Géèmù náà ń gbé ìtàn, ìwà àti èdè lọ sọ́kàn ọmọ, ìṣòro wa sì ni pé ìtàn ilẹ̀ ẹlòmíràn ló ń gbé. Ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, gbé géèmù Aurion jáde ní 2016, wọ́n gbé e ka ìtàn àti ìṣe Áfíríkà. Fóònù kọ́ ni a fi ń kọ irú rẹ̀. Ẹ̀rọ alágbára tó ń ṣe géèmù dáadáa ni ẹ̀rọ tí a fi ń kọ géèmù, tí a fi ń ya àwòrán tó ń rìn, tí a fi ń gé fíìmù. Bí a bá lé e kúrò nílé ọmọ wa, a ti lé iṣẹ́ náà lọ pẹ̀lú.

Wọ́n á tún ní gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló ti òkè òkun wá, nígbà tí igi ère ti inú igbó wa jáde. Èyí ní òótọ́ nínú: ẹnikẹ́ni kò lè ṣe prósẹ́sọ̀ ní Kétu, ó sì yẹ kó máa dùn wá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pàápàá kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun àjèjì. Búlúù ìfọṣọ àti ọ̀dà inú agolo ti wọ ọjà, agbẹ́gilére sì fi kùn ère. Gèlè àti ìró tí wọ́n kó lọ́wọ́ àwọn obìnrin láti fi wọ oníjó, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ti inú ọkọ̀ òkun sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìran náà kì í ṣe ti Kétu mọ́. Ọwọ́ tó yàn án, tó wọ̀n ọ́n, tó sì tò ó pọ̀ ló sọ ọ́ di ti Kétu. Àwọn tó ti tu ẹ̀rọ palẹ̀ tí wọ́n sì tún un tò ni yóò mọ ohun tí a kò ní gan-an, àwọn nìkan ló sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Àríwísí kan ṣoṣo ni n kò lè dá padà. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bó ti wù kó wọ́n tó, ojú ọjà ni wọ́n gbé e lọ. Ọmọ tálákà rí i, àlejò rí i, agbẹ́gilére tó ń kọ́ṣẹ́ rí i, ó sì lọ sílé lọ gbìyànjú tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ayé fi lè bu ọlá fún un, tí UNESCO fi kéde rẹ̀ ní 2001 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò papọ̀, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ rẹ̀ ní 2008. Kọ̀ǹpútà olówó ńlá tó wà nínú yàrá tí a tì kò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò kọjá ẹnu ilẹ̀kùn, ẹni tó tò ó sì lè dàgbà kó gbàgbé. Bí a bá fẹ́ jogún Kétu, kì í ṣe ìnáwó rẹ̀ nìkan ni a ó jogún, a ó jogún ojúde rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí kò ṣòro láti ṣe. Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń dá owó fún aṣọ ẹgbẹ́, kí wọ́n dá owó fún ẹ̀rọ alágbára kan, kí ó wà ní ilé ìwé tàbí ní gbọ̀ngàn ìlú tí gbogbo ènìyàn ti lè wọlé. Kí wọ́n tò ó lójú àwọn àbúrò wọn, kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi yan ẹ̀yà yìí tí wọn kò yan tọ̀hún. Bí owó bá dé, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àbúrò náà to èkejì tó jọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ère ṣe ń jáde ní méjì-méjì. Kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún tí àdúgbò yóò figagbága lórí ohun tí wọ́n tò àti géèmù tí wọ́n kọ lédè wa. Nígbà náà, bí ọ̀dọ́ kan bá wá béèrè owó fún káàdì àwòrán, kí àgbà má kọ́kọ́ bi í bóyá eré ló fẹ́ fi ṣe. Kí ó bi í pé ọwọ́ ta ni yóò tò ó, àti pé àwọn wo ni yóò kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ọwọ́ wa ni, tí àwọn tó kọ́ ọ bá pọ̀, kí àgbà fi owó kún un.